Ẹ gbà mí o, èkùrọ́ tí mo gbìn kọ̀, kò hù

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbẹ̀. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa l'Óṣogbo níbí, bàbá bàbá mi ti ń kọ ọ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi, epo ẹ̀ dáa gan. Wọ́n fẹ́ gé e báyìí torí wọ́n fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ parun, mo wá ṣa ẹyìn ẹ̀, mo gbìn ín sínú ọ̀rá ogójì, mò ń bomi rin ín láràárọ̀, ó ti lé l'óṣù mẹ́ta, ẹyọ kan ò yọjú. Mo hú ọ̀kan wò lánàá, ó ṣì le koko bí òkúta. Ṣó ti kú ni?

Bàbá Alépo: Kò kú ọmọ mi, ó ń sùn ni, ooru ló sì ń jí i. Wo oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tóòrùn ń pa ilẹ̀ ẹ̀, ibẹ̀ lọmọ ọ̀pẹ ti ń hù fúnra ẹ̀. Bó ara ẹ̀ kúrò pátápátá, rẹ ẹ́ sómi fún ọ̀sẹ̀ kan, máa pààrọ̀ omi ẹ̀ lójoojúmọ́, sá a síbòji, wá dì í sínú ọ̀rá kóo gbé e síbi tó móoru bíi 40 digírì fún bí ọjọ́ 80. Lẹ́yìn náà tún rẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, sá a síbòji, kò ní pẹ́ tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ṣá o, ẹyìn tí wọ́n ti sè fún epo ò lè hù mọ́ láéláé.

Ìyá Olóko Ọ̀nà Ìkìrun: Òótọ́ ni bàbá sọ. Àmọ́ ọmọ ẹ̀ lè má jọ ìyá o, kòkòrò ló ń gbé àtíkè òdòdó akọ wá láti ara ọ̀pẹ míì. Tó bá sì jẹ́ àgíríìkì (ọ̀pẹ ìgbàlódé) ni ìyá àti akọ ẹ̀ méjèèjì, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn ló máa ń yàgàn. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe é fún owó fi ń ra èyí tó ti hù ní NIFOR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba nítòsí Benin. Tìẹ, èyí tó bá ti hù, fi wáyà yí i ká, òkété fẹ́ràn ẹ̀ jù!

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ ṣé gan bàbá, ẹ ṣé mà. Mo fọ́ ọ̀kan báyìí, inú ẹ̀ funfun báláú, kò rùn rárá. Sátidé ni wọ́n máa gé ọ̀pẹ yẹn, mo ti bẹ akọpẹ kó bá mi gé ìdì méjì tó pọ́n tó kù lórí ẹ̀ sílẹ̀ lọ́la.