Ẹ wá sọ tiyín: àwọn ẹyẹ bulbul tí ẹ ti fojú rí ní Abuja àti ní Òkè Ọya

Ìyá Kúbwà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé Kúbwà, ẹyẹ kan náà ló sì ń jí mi kí wọ́n tó pèrun ìdájí. Orí igi dóńgóyárò ẹ̀yìn ilé wa ló máa ń wà. Orí rẹ̀ dúdú ju ara rẹ̀ lọ, irun àtàrí rẹ̀ dìde díẹ̀ bíi ti ẹni tí kò tíì yarun. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eruku, ikùn rẹ̀ sì fẹ́ funfun. Bulbul ni. Mo ti mọ̀ ọ́n débi pé n kì í wò ó mọ́.

Àfi Sátidé tó kọjá tí a lọ sí ẹ̀bá dáàmù Usuma. Nínú igbó tó ṣú létí omi, ariwo kan ṣàdédé sọ, bí ìgbà táwọn èèyàn ń du omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹyẹ mẹ́rin yọ jáde. Wọ́n tóbi ju ti ẹ̀yìn ilé wa lọ, ara wọn dà bí ewé tó ń gbẹ lọ, ọ̀fun wọn sì yẹ́lò bí ìyeyè tó pọ́n. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, wọ́n so ìborùn!" Mo ya fọ́tò, mo fi han ẹnìkan tó mọ ẹyẹ. Ó ní ẹbí bulbul náà ni, pé Yellow-throated Leaflove ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Ẹnu yà mí. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ ti rí, báwo ló sì ṣe rí?

Ará Gwagwalada:
Ẹ̀yìn ilé mi ni tèmi wà, ìdí ata wẹ́wẹ́ tí mo gbìn. Olórí dúdú yẹn kì í jẹ́ kí ata pọ́n tán. Ṣé kì í ta á lẹ́nu ni?

Ará Jos:
Ẹ̀gbọ́n, ata kì í ta ẹyẹ o. Ohun tó ń jó àwa àti ẹran lẹ́nu, ẹyẹ kì í mọ̀ ọ́n lára rárá. Á gbé e mì, á lọ ya kóró rẹ̀ síbi tó bá bà sí. Ata tí ẹ kò gbìn tó sì hù lábẹ́ igi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ wọn.

Ìyá Kúbwà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní Laminga, lẹ́bàá Jos, ilé ìwádìí ẹyẹ kan wà nínú igbó Amurum, APLORI ni wọ́n ń pè é. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ti ta àwọ̀n tín-ín-rín sáàárín igi, bulbul kan sì kó sí i. Wọ́n fi òrùka kékeré tó ní nọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n wá gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n tú u sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má tẹ̀ ẹ́ pa. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí rí lórí igi: abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun. Wọ́n ní bó bá jẹ́ Kẹ́ńyà ni, yẹ́lò ni abẹ́ ìrù náà ì bá jẹ́, àti pé àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ka tọ̀hún sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Akọ àti abo kò yàtọ̀ lójú. Akọ kàn máa ń fi díẹ̀ tóbi jù ni. Látọjọ́ náà, abẹ́ ìrù ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Alhaji Sabon Gari, Kano:
Ọ̀rọ̀ abẹ́ ìrù yìí rán mi létí. Nígbà tí mo lọ ṣe Úmúrà, wọ́n kó wa lọ sí ìlú Táìfù ní Saudi. Ohùn ẹyẹ kan dún nínú ọgbà, mo yíjú kíá, àfi bíi pé Kano ni mo wà. Ìdúró kan náà, àmọ́ orí tirẹ̀ dúdú kirikiri, funfun yí ẹyinjú rẹ̀ ká bí awò ojú, abẹ́ ìrù rẹ̀ sì yẹ́lò. Mo dúró síbẹ̀ títí àwọn tá a jọ lọ fi ń pariwo orúkọ mi. Ọmọbìnrin mi tó ń kàwé ní Íńdíà náà fi fọ́tò bulbul tibẹ̀ ránṣẹ́: ìyẹ́ dúdú ṣóńṣó lórí, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, pupa lábẹ́ ìrù. Àwòrán náà ló wà lójú fóònù mi títí dòní.

Ọmọ Ìdànrè, Lugbe:
Tèmi kò ní àmì kankan. Nínú oko kòkó bàbá mi ni, orin rẹ̀ gùn, ó lọ́ mọ́ra, àmọ́ a kì í rí i. Ìgbà tí mo rí i gan-an, ẹyẹ kékeré ni, àwọ̀ ewé tó ṣú látorí dé ìrù, kò sí funfun, kò sí yẹ́lò. Little Greenbul ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ẹbí bulbul náà ni. N kò tíì gbóhùn rẹ̀ ní Lugbe níbí, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Ìyá Kúbwà:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Láàárọ̀ yìí, èmi àtọmọ mi jókòó ti dóńgóyárò wa. Ó ń jẹ èso rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gbé ìrù sókè. Funfun ni! Ọmọ mi ti yà á sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó wọ awò ojú ní Táìfù.