Èsì: "Ọ́ksáìdì aṣọ̀kan" kò bá a mu, àdàlú ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àríyànjiyàn.

Mo ti ka gbogbo èsì lórí "ọ́ksáìdì aṣọ̀kan", orúkọ tí ọ̀gá wa dá fún amúṣẹ́yá (ohun tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára, tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán) tí wọ́n fi ọ́ksáìdì irin (irin tó ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn) méjì tàbí mẹ́ta ṣe láti sọ CO, gáàsì olóró inú èéfín, di CO₂. Èmi dábàá "àdàlú" dípò rẹ̀. Mo ti ka "àìgbóná" náà, tí wọ́n fẹ́ ká máa pe èyí tí ooru kì í tètè bà jẹ́. Méjèèjì ló ní àlébù, ṣùgbọ́n "ṣọ̀kan" yẹn ló burú jù, torí pé ìgbà tí amúṣẹ́yá náà bá kú tán ni orúkọ yẹn tó bá a mu.

Ẹ wo hopcalite, ọ̀kan lára irú amúṣẹ́yá yìí, tí Yunifásítì Johns Hopkins àti Yunifásítì California jọ ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní (orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n gé lẹ̀ pọ̀). Ọ́ksáìdì bàbà àti ti mángáníìsì ni. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é: a ó da omi náítíréètì (irú iyọ̀ kan) àwọn méjèèjì pọ̀, mángáníìsì á jẹ́ ìlọ́po méjì bàbà, a ó máa kán omi sódíọ̀mù kábọ́nétì sí i ní 80 °C títí pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) á fi wà ní nǹkan bí 8.3, a ó sẹ́ ẹ, a ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra, a ó sá a ní 120 °C, ká tó wá yan án nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 415 °C fún wákàtí méjì. Ẹni tó bá kánjú níbi fífọ̀, sódíọ̀mù tó ṣẹ́ kù á sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ọ̀lẹ.

Níbi tá a dé yìí, bàbà àti mángáníìsì fara mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, kò sì sí èyí tó gbé èkejì mì. Ẹ jẹ́ kí ooru ré kọjá 500 °C ná. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í di kírísítálì kan ṣoṣo, CuMn₂O₄. Hóró á máa ṣù pọ̀, ojú tí CO ń bà lé á máa dín kù. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣọ̀kan, ọ̀gá. Ìgbà yẹn náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn asúdẹ ayé àtijọ́ kò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe yìí. Bàbà ni bàbà. Èyí tó yọ́ wọnú síǹkì tí wọn kò ṣeé yà mọ́, idẹ ni. Idẹ ni "aṣọ̀kan" yẹ. Ẹnì kan lè sọ pé ọ́ksáìdì séríọ̀mù àti ti síkóníọ̀mù tó wà nínú amúṣẹ́yá páìpù èéfín ọkọ̀ wọnú kírísítálì kan náà, pé ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n lè fara da nǹkan bí 1000 °C. Òótọ́ ni. Ẹ fún àwọn yẹn ní "aṣọ̀kan", ẹ má fi sọ gbogbo ẹbí lórúkọ.

"Àìgbóná" ńkọ́? Irọ́ ni. Móòlù CO kan (ìwọ̀n tí onímọ̀ kẹ́míkà fi ń ka èròjà) tó bá jó ń tú ooru 283 kJ sílẹ̀. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún CO nínú afẹ́fẹ́ tó láti fi nǹkan bí 100 °C kún ooru amúṣẹ́yá tí ooru kò bá ríbi jáde. Gbígbóná ni yóò gbóná! Bóyá ó fara dà á ni ìbéèrè, nítorí náà "ìfaradà ooru". Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ kọ́kọ́ wọn ìwọ̀n ooru tí ìdajì CO ti di CO₂. Ẹ yan amúṣẹ́yá náà ní 500, 600, 700 °C, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ tún un wọ̀n pẹ̀lú ìwọ̀n amúṣẹ́yá àti afẹ́fẹ́ kan náà. Bí iye yẹn bá ń ròkè, kò fara dà á. Ọ̀rinrin náà ń dá a dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ohun tó ń fa omi mu ṣíwájú rẹ̀ nínú agolo ìbòjú gáàsì. Ṣùgbọ́n ẹ lè yan ọ̀rinrin kúrò dé àyè kan; hóró tó ti ṣù pọ̀ kò ṣeé tú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "amúṣẹ́ya". Iṣẹ́ kì í ya bí aṣọ. Yá ti kí nǹkan yára ni, ó sì dún bákan náà pẹ̀lú yá ti yíyá nǹkan, ó bá a mu ju bí ẹni tó dá a ṣe rò lọ: ọ́ksáìdì a máa yá CO ní ọ́síjìn ara rẹ̀, á sì gba ti inú afẹ́fẹ́ fi dí àlàfo. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Mars àti van Krevelen ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní 1954.

Ó kan "àdàlú" tí mo dábàá. Ẹ ní oúnjẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan, ẹ ṣì ń rí èwo ni èwo. Alàgbà tó kọ ọ́ ní "adàlú", tó ní òun ti fi ogójì ọdún kọ́ni ní gírámà, a kí yín, ṣùgbọ́n ogójì ọdún kò sọ à di a. Adàlú ni ẹni tó ń fi omi lú ẹmu, àdàlú ni ohun tó bu fún yín mu. Ẹ wo akọ̀wé àti àkọsílẹ̀.

Ti àwọn tó ní "àdàlù" ló kù, tí wọ́n ń fi "àmúlùmálà" gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo wá tí lù fúnra rẹ̀, láìsí mú, ti túmọ̀ sí kéèyàn da nǹkan pọ̀; ìlù tàbí ọmọ la máa ń lù.