Ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, kí ni yóò fi búra ní kóòtù?

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin amòfin. Àbúrò mi fẹ́ jẹ́rìí lórí ẹjọ́ ilẹ̀ ní High Court. Kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò kírun, kò bọ òrìṣà. Ó ní kò sí Ọlọ́run kankan. Ṣé dandan ni kó di Bíbélì mú?

Lọ́yà Abẹ́òkúta: Kì í ṣe dandan. Kó tètè sọ fún lọ́yà tó pè é lẹ́rìí, kíyẹn fi tó akọ̀wé kóòtù létí. Tó bá dé inú àpótí ẹlẹ́rìí, akọ̀wé á bi í pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe, kó lè mọ̀ bóyá Bíbélì, Kùránì tàbí irin ni kóun gbé fún un. Ibẹ̀ ni kó ti ní òun fẹ́ affirm: á jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òótọ́ lòun máa sọ, láìdárúkọ Ọlọ́run, láìfọwọ́ kan ìwé kankan. Kó má ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jiyàn pé Ọlọ́run ò sí. Kóòtù kì í ṣe ibi ìwàásù.

Alhaji Ọmọ Ìwó: Ẹ má bínú o. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, tí kò bẹ̀rù Ògún, kí ló máa dí i lọ́wọ́ irọ́?

Lọ́yà Abẹ́òkúta: Ẹ̀wọ̀n ni, Alhaji. Abala 118 nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́rìí èké lè fẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Tó bá jẹ́ torí kí wọ́n lè dájọ́ ikú fún ẹlòmíràn ni, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tó affirm ò bọ́ níbẹ̀.

Ìwé Àtijọ́: Alhaji, John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ irú ọ̀rọ̀ yín ní 1689: ó ní ìbúra ò lè de ẹni tó bá ní Ọlọ́run ò sí. Ní 1880, àwọn ará Northampton dìbò yan Charles Bradlaugh, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, sílé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òun fẹ́ affirm, wọ́n kọ̀. Ó ní ó dáa, òun á búra bíi tiyín. Wọ́n tún kọ̀, wọ́n tiẹ̀ tì í mọ́lé nínú ilé aago ibẹ̀. Ará ìlú ò yéé dìbò fún un. 1886 ló tó rí àyè jókòó, 1888 ni òfin tó fàyè gba affirm jáde. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ká ní òpùrọ́ ni, ì bá ti búra lọ́jọ́ kìíní kó wọlé wẹ́rẹ́. Òótọ́ tó sọ ló sé e mọ́ta.

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti buwọ́ lu ẹ̀rí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un o, "Christian" ni wọ́n sì kọ síbẹ̀.

Lọ́yà Abẹ́òkúta: Háà, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Òkè ìwé yẹn ni orúkọ, ẹ̀sìn, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì máa ń wà, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sì máa ń dà á kọ látinú ìwé ẹlòmíràn láìbéèrè. Tó bá affirm, tí "Christian" ṣì wà níbẹ̀, lọ́yà òdìkejì á bi í pé èwo nirọ́ nínú méjèèjì. Kí lọ́yà yín gba àyè lọ́wọ́ kóòtù láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n yọ "make oath", kí wọ́n fi "solemnly affirm" síbẹ̀. Iwájú Commissioner for Oaths, òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra, ní ọ́fíìsì kóòtù ni kó ti buwọ́ lù ú. Èyí tí wọ́n bá buwọ́ lù ní ọ́fíìsì lọ́yà, kóòtù lè dà á nù, ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló ni ín.