Kí ló dé tí àwọn olùdíje wa kì í bá ẹgbẹ́ kejì sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì, Maryland: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo forúkọ sílẹ̀ sínú ẹgbẹ́ Democrat kí n lè bá wọn dìbò abẹ́lé, torí ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kò lè dá sí i níbí. Ládùúgbò wa, ẹni tó bá borí níbẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Ìbò Oṣù Kọkànlá kàn ń fi òǹtẹ̀ lù ú ni. Àwọn olùdíje ò wo ojú ẹgbẹ́ kejì rárá. Ó ń dùn mí. Ṣé bó ṣe rí káàkiri Amẹ́ríkà nìyí?

Adé Anchorage: Ẹ káàsán, mà. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Alaska. Ẹ wo Sẹ́nétọ̀ Lisa Murkowski, ọmọ Republican. Ní 2010, Joe Miller, tí ohùn rẹ̀ le ju tirẹ̀ lọ, fẹ̀yìn rẹ̀ janlẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé. Kò gbà. Ó ní kí àwọn olùdìbò fọwọ́ kọ orúkọ òun sínú ìwé ìbò. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ń kọ "Murkowski" sára páálí oúnjẹ kó má baà ṣì í kọ. Obìnrin náà sì wọlé!

Ní 2020, àwọn ará ìpínlẹ̀ yí òfin padà. Inú ìdìbò kan náà ni gbogbo olùdíje ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n wà. Mẹ́rin tó léwájú á bọ́ sí Oṣù Kọkànlá, àwa á wá tò wọ́n: ẹni tá a fẹ́ jù, ẹnì kejì, títí dé ìkẹrin. Bí ẹni tí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́ bá já, ìbò yín á lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: ẹni tó ń wá kí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn fi òun ṣe ìkejì kò ní máa bú u.

Ní Oṣù Kejì 2021, Murkowski dìbò nínú ẹjọ́ ìyọnípò ní Sẹ́nétì pé Trump, ọmọ Republican bíi tirẹ̀, jẹ̀bi, ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé bẹnu àtẹ́ lù ú. Ká ní ìdìbò abẹ́lé àtijọ́ ni, mi ò rò pé ì bá yè é. Ní 2022, Pat Chesbro ti Democrat já, ọ̀pọ̀ ìbò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Murkowski, ó sì borí Kelly Tshibaka, tí òun náà jẹ́ ọmọ Republican.

Bàbá Láńre: Adé, o káre. Ṣùgbọ́n má gbé gbogbo rẹ̀ lé òfin lórí. Mary Peltola ti Democrat wọlé sí Ilé Aṣojú Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin yẹn ní 2022; ọ̀rọ̀ ẹja ló ń sọ kiri, kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ní 2024 ńkọ́? Nancy Dahlstrom yọwọ́ kí ìbò Republican má baà pín, Nick Begich, ọmọ Republican kan náà, sì gba àga Peltola. Òfin ò yí padà, ohùn Peltola náà ò yí padà. Iye àwọn tó ń bá ara wọn du ipò nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló yí padà.

Adé Anchorage: Òótọ́ ni, bàbá. Àmọ́ ẹ wo ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa náà. Lẹ́yìn ìbò 2022, sẹ́nétọ̀ 17 nínú 20, Democrat 9 àti Republican 8, para pọ̀ láti jọ ṣàkóso. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fagi lé òfin náà ní 2024, ìbò tí kò tó 1,000 ló fi yè é. Ìbò tèmi àti ti ìyàwó mi wà nínú ẹ̀.