Re: "omi ìjì" kọ́ o, àgbàrá ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè lórí ohun tó yẹ ká máa pe stormwater runoff ní Yorùbá, ìyẹn omi òjò tílẹ̀ ò mu tó ń ṣàn lọ, mi ò kọ́kọ́ fẹ́ dá sí i, àmọ́ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan ti ní ká kọ "omi ìjì" sínú ìwé pélébé tá a fẹ́ tẹ̀ láti fi ṣàlàyé òfin omi yìí fún àwọn Yorùbá tó ń kọ́lé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà níbí, mo rí i pé tí mi ò bá sọ̀rọ̀ wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mo mọ bẹ́ ẹ ṣe dé ibẹ̀, storm ni ìjì, water ni omi, ẹ wá so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n létí ọmọ Yorùbá, ìjì ni atẹ́gùn tó ń ṣí páànù tó ń wó igi. Òfin tá a fẹ́ ṣàlàyé yìí ò sì dúró de ìjì rárá. Ní apá ìlà oòrùn Maryland, òjò ínṣì 1 péré ni wọ́n fi ń ṣírò iye omi tí ẹni tó kọ́lé tuntun gbọ́dọ̀ wá ibi tó ti máa mọ́ kó tó wọ odò. Ínṣì 1! Òjò wẹ́liwẹ̀li tó bá rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ lè tó bẹ́ẹ̀ láì sí atẹ́gùn kankan. Ẹni tó bá ka "omi ìjì" á kàn rò pé ìgbà tí hurricane bá ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kan òun.

A ti ní ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ jàre. Àgbàrá. Omi òjò tó bọ́ sílẹ̀ tílẹ̀ ò mu tán, tó wá ń wọ́ lọ síbi tó rẹlẹ̀. Àwọn bàbá wa ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni òfin náà dúró sí: àgbàrá ń ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, onílé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Àǹtí wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní "ìkún omi" ló yẹ. Mo gbọ́ yín mà, àmọ́ ìkún omi ti jìnnà sí ibi tí òfin yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ará Ìbàdàn ni mí, a mọ omíyalé, àwọn tó bí wa ò gbàgbé ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní 31 August 1980, àwa náà sì rí ti 26 August 2011 tí òjò mìlímítà 187.5 rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Nígbà tí omi ṣì ń sáré nínú àgbàlá yín, àgbàrá ni. Tí àgbàrá ilé yín àti tèmi àti ti gbogbo àdúgbò bá pàdé nínú odò, tí odò ò gbà á mọ́, ìyẹn ni ìkún omi, ìgbà tó bá wá wọ yàrá la ń pè é ní omíyalé. Inú àgbàlá ni òfin ti ń mú un, kò dìgbà tó bá dé odò. Tá a bá pe ìbẹ̀rẹ̀ ní orúkọ ìparí, onílé á ní odò ò sí lẹ́bàá ilé òun, kí ló kan òun.

"Omi gọ́tà" náà ò ṣe é lò. Nílé, omi ìwẹ̀, omi abọ́, gbogbo ẹ̀ ló ń bá gọ́tà lọ. Ní Prince George's County, ìjọba ìbílẹ̀ tí mò ń gbé ní Maryland, páìpù àgbàrá lọ́tọ̀, páìpù ìdọ̀tí ilé lọ́tọ̀, ti àgbàrá ò sì gba ibi tí wọ́n ti ń fọ omi kọjá, odò Anacostia tàbí Patuxent tàbí Potomac ló ń lọ tààrà, ó di inú Chesapeake Bay, omi ńlá tó já sínú òkun.

Ẹnì kan bi wá pé téèyàn bá tẹ "agbara" láìsí àmì lórí fóònù ńkọ́, ṣé wọn ò ní kà á sí agbára? Òótọ́ ni, "ofin agbara" á jọ òfin iná mànàmáná. Àwọn kan lára wa ń pè é ní ọ̀gbàrá, ìyẹn ò sì lẹ́nìkejì tó jọ ọ́. Nínú ìwé tá a máa tẹ̀, ká kọ àgbàrá òjò ká sì fi àmì sí i pé pérépéré, lórí WhatsApp ká kọ ogbara.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù nìyí o. Òfin Maryland ní tí iṣẹ́ bá máa tú ilẹ̀ tó 5,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóòró (square feet), ẹ gbọ́dọ̀ ní pláànù tí wọ́n fọwọ́ sí lórí bí yẹ̀pẹ̀ ò ṣe ní bá omi lọ, kẹ́ ẹ tó wa ilẹ̀. (Ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti éékà 1.) Lára ohun tó máa ń wà nínú pláànù náà ni aṣọ tí wọ́n kàn mọ́ igi yí sáìtì ká, tí wọ́n ri ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀, silt fence. Lọ́dún kan, èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀ fún bàbá kan tó ń báwọn ṣiṣẹ́ bíríkì. Mo ní "ọgbà" ni, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Bàbá rò pé ọgbà tí wọ́n fi ń dènà olè ni, síkiọ́rítì sì ti wà lẹ́nu géètì, wọ́n tú apá kan kí tírọ́ọ̀kì lè kọjá. Òjò rọ̀ lóru, ẹrẹ̀ pupa kún iwájú ilé aládùúgbò, àwọn ọmọ ilé yẹn ò rọ́nà jáde lọ sílé ìwé láàárọ̀. Mi ò dá bàbá lẹ́bi rárá, ọ̀rọ̀ tí mo fún wọn ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ká ní mo pè é ní "ọgbà asẹ́" ni, ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì rí á ti mọ̀ pé nǹkan ń gba ibẹ̀ kọjá, nǹkan mìíràn ń dúró.

Ògì yẹn náà ló fún mi ní èyí tó kàn. Kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ sáìtì kí àgbàrá dúró níbẹ̀ kí ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹnì kan ní ká pè é ní "kòtò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀". Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ohun tó ti jókòó sísàlẹ̀, bíi ti ẹmu, àmọ́ iṣẹ́ kòtò yìí ni pé kí omi ara ẹ̀ mọ́. Tá a bá sẹ́ ògì tán, ṣebí a máa ń fi í sílẹ̀ kó tòrò ni. "Kòtò ìtòrò" nìyẹn. Mo gbé e fún yín.

Orúkọ tún lè ba nǹkan jẹ́ o. Lọ́dún 2012 Maryland ṣòfin pé káwọn county mẹ́sàn-án àti ìlú Baltimore máa gba owó lórí àgbàrá, àwọn tí ò fẹ́ ẹ sọ ọ́ ní "rain tax", owó orí òjò, ta ló máa gbà kí wọ́n gbowó òjò lọ́wọ́ òun? Bẹ́ẹ̀ òrùlé àti kọnkéré, ilẹ̀ aláìmumi, ni wọ́n ń wọ̀n. Nígbà tó fi máa di 2015, wọ́n ti yọ ipá kúrò níbẹ̀, county tó bá wù ló ń gbà á. Nítorí náà kí ìwé wa máa sọ "owó ilẹ̀ aláìmumi", ẹ jọ̀ọ́.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì rí ṣe. Rain garden, kòtò tí kò jìn tí wọ́n gbin òdòdó àti igi sí kó máa mu àgbàrá, Prince George's County yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. "Ọgbà òjò" á tún kó wa sínú ìṣòro ọgbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, torí ọgbà náà ni fẹ́ǹsì. Mo ronú kan "ebè amumi", àmọ́ ebè ga sókè, èyí sì jin sísàlẹ̀. Ta ló ní ọ̀rọ̀ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dáko rí? Ọjọ́ Fúráìdè ni wọ́n fẹ́ gbé ìwé náà lọ síbi ìtẹ̀wé.