Lightning 2003 mi ń jó bàtá lójú ìlà: pulley ni kí n kọ́kọ́ rà ni, àbí táyà?

Ọmọ Ìwó Road (Mesquite, Texas)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ gbà mí láyè.

Mo ra Ford F-150 Lightning ọdún 2003 ní oṣù Kẹta tó kọjá. Dúdú ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, pikọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn méjì ni, V8 lítà 5.4, tí supercharger (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹńjìnnì kó lè lágbára sí i) ti wà lórí rẹ̀ láti iléeṣẹ́, agbára ẹṣin 380. Ó wúwo tó nǹkan bí 4,700 páùn. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru fẹ́ fi pikọ́ọ̀pù tí kò lè gba àwọn ọmọ ṣe. Mo ní a ó máa fi kó ẹrù ìnáwó. Títí di òní, kúlà kan ṣoṣo ni mo tíì fi kó, omi tútù tèmi nìkan ló sì wà nínú rẹ̀.

Mo gbé e lọ sí Texas Motorplex ní Ennis, pápá drag race, níbi tí ọkọ̀ méjì ti máa ń bára wọn sá eré lójú ọ̀nà tààrà. Kọnkéré ni ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń dán bí ilẹ̀ ilé olówó. Wọ́n wo táyà, wọ́n wo akoto mi, wọ́n ní kí n lọ tò. Nígbà tó kàn mí, iná yẹ́lò mẹ́ta tàn tẹ̀ léra wọn, mo sì dúró de iná ewé bí ẹni tí ọlọ́pàá tráfíìkì dá dúró ní Mọ́kọ́lá. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti lọ. Ìgbà náà ni mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó bàtá. Gbì-gbì-gbì-gbì! Mo rò pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já sílẹ̀ ni. Nígbà tó máa fi di ilẹ̀ mú, ojú ti tì mí tán.

Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi nìyí: ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú-àáyá 2.24. Ẹsẹ̀ bàtà 1,320, ìyẹn ìdá mẹ́rin máìlì tó jẹ́ òpin eré, 13.84, pẹ̀lú máìlì 101 ní wákàtí. Mo padà lọ tò lẹ́ẹ̀kejì, mo gba 13.97. Ẹ̀ẹ̀kẹta, 14.11. Mo rò pé bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n wà sí i ni yóò máa yá sí i, àṣé ẹ̀yìn ni mò ń rìn.

Owó tí mo ní fún un lọ́dún yìí ò ju $1,200 lọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ ní kí n ra pulley kékeré (ohun tí bẹ́líìtì fi ń yí i) sí supercharger kó lè yára yí sí i, kí n ṣe tune (àtúntò kọ̀ǹpútà ẹńjìnnì), pé ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni n óò máa sá. Ẹlòmíì ní táyà drag radial (táyà eré tó máa ń di ilẹ̀ mú dáadáa) àti traction bar (irin tó ń di áàsìlì ẹ̀yìn mú) ni. Owó mi ò lè ká méjèèjì.

Ìbéèrè kejì, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní 504 pikọ́ọ̀pù kan tó fi ń kó pákó ní Bódìjà. Bí òjò bá rọ̀, tí kò sì sí pákó lẹ́yìn rẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì. Bàbá á ní ká ju àpò yẹ̀pẹ̀ méjì sí i, ọkọ̀ á sì jókòó. Ṣé mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ennis?

Àdùkẹ́ 1320 (Maryland)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire ọkọ̀. Èmi náà ní ọ̀kan, ti 2001, mo máa ń gbé e lọ sí pápá eré Budds Creek.

Ẹ má ra pulley. Ẹ gbé ìwé yẹn síwájú yín, kí ẹ fi ìka sí 2.24. Ibẹ̀ ni owó yín ti ń jò. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá tẹ́ ẹ bá rí gbà padà nínú ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ máa ń di ìdá kan àbọ̀, nígbà míì méjì pàápàá, kí ẹ tó dé òpin. Táyà tí kò lè gba agbára 380, ẹ tún fẹ́ kó agbára sí i lórí. Ta ni yóò gbà á?

Bàtá tẹ́ ẹ sọ yẹn, mo mọ onílù rẹ̀. Orí sípíríǹgì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, irú ti ọkọ̀ akẹ́rù, ni ẹ̀yìn Lightning jókòó lé. Tẹ́ ẹ bá tẹ epo, táyà á fẹ́ yí síwájú, ilé áàsìlì á fẹ́ yí sẹ́yìn. Sípíríǹgì á ká bí ejò, á ká títí kò ní lè ká mọ́, á wá ta padà. Ó ká, ó ta, ó ká, ó ta. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ń jẹ́ kó máa jó bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kan yóò fọ́ nǹkan lábẹ́ ọkọ̀. Traction bar ló máa ń di áàsìlì mú kó má lè yí. Ẹ rà á kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, táyà ló tẹ̀ lé e.

Àpò yẹ̀pẹ̀ kọ́, ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín. Òfin NHRA, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré yìí ní Amẹ́ríkà, kò gba ẹrù tí a kò fi bóòtù dè mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n sì dárúkọ àpò yẹ̀pẹ̀ gan-an nínú rẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò yóò ní kí ẹ dá a sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà, ọgọ́rùn-ún páùn kan máa ń jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ọkọ̀ yín ti sanra tó.

Pẹ̀lú táyà títì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí, ẹ má gba inú omi tí wọ́n dà sílẹ̀ kọjá. Ẹ yí i po. Ojú ihò táyà yẹn á kó omi, á wá tú u sílẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ gbéra. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wọ drag radial lẹ máa tó fi ẹ̀yìn wọ omi, kẹ́ ẹ yí i díẹ̀ kó gbóná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ táyà 18 psi. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ń pa aáyán. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rọra rìn, kẹ́ ẹ tó wá tẹ gbogbo rẹ̀.

Ní ti 13.97 àti 14.11, ooru ni. Supercharger máa ń gbóná, ó sì máa ń gbé ooru náà fún afẹ́fẹ́ tí ẹńjìnnì ń mí. Intercooler tó ń fi omi tutù wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá jẹ́ kó sinmi, omi náà á gbóná. Ẹ kó yìnyín sínú kúlà yẹn. Tẹ́ ẹ bá sá tán, ẹ pa ẹńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé àpò yìnyín lé e lórí, ẹ lọ jókòó jẹun. Èmi máa ń fún un ní ìṣẹ́jú 45.

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi nítorí iná ewé. Aago tó ka 13.84 yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ títí táyà iwájú yóò fi kúrò lójú iná tó ń ṣọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ sùn síbẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọ ìdíje ni ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbéra lórí yẹ́lò kẹta.

Gíà Kẹta (Houston)

Bọ̀dá Ìwó Road, gbọ́ ti Àdùkẹ́. Èmi tí mo ra pulley ṣáájú ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí pápá eré Baytown ṣì wà (wọ́n tì í ní 2023, ó ṣì ń dùn mí), mo gbé ti 2002 mi fún ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n fi pulley kékeré sí i, afẹ́fẹ́ 8 psi tí supercharger ń fún tẹ́lẹ̀ di 12. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe láàárín wákàtí kan, wọ́n gba owó, wọ́n ní kí n lọ gbádùn. Mo gbádùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni kò wò ó bóyá epo tó ń wọlé tó afẹ́fẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní gíà kẹta, mo gbọ́ "kọ́", ẹ̀ẹ̀kan péré. Nígbà tí wọ́n máa fi fà mí dé ẹ̀gbẹ́, kọ́nródù (irin tó so písítìn mọ́ kiráńkì) ti ṣí fèrèsé sára ẹńjìnnì, o lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí o fi bọ ẹnìkan lọ́wọ́.

Irin ìyẹ̀fun tí wọ́n fún pọ̀ ni wọ́n fi ṣe kọ́nródù ẹńjìnnì yìí láti iléeṣẹ́. Bí agbára tó ń dé táyà bá ti sún mọ́ 450, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ ra pulley, ra gèéjì wideband ṣáájú, kó o lè máa fi ojú ara rẹ wo epo àti afẹ́fẹ́. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, tó o sì rí i pé afẹ́fẹ́ ju 12 lọ sí epo 1, gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí, ibi tó ti fọ́ ni.

Ẹgbẹ́ Ládípò (Èkó)

Mo ń rẹ́rìn-ín láti òkè wá. Oníbàárà mi kan ní Amẹ́ríkà pè mí lọ́jọ́sí, ó ní ẹńjìnnì òun ń "knock" díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń bá òun dín in kù. Mo ní ọ̀gá, ẹ kú ìrọ́jú, èló lẹ fẹ́ ra òmíràn? Níbí, tá a bá ti ní ẹńjìnnì nọ́ọ̀kì, òkú la ń sọ, kẹ́ ẹ kàn wá ra tókúnbọ̀ ló kù. Lọ́dọ̀ tiyín, ìró epo tó ń gbiná ṣáájú àsìkò rẹ̀ ni, wọ́n sì ń wò ó sàn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ, ọ̀gá Ìwó Road: plọ́ọ̀gì. A máa ń rí irú ẹńjìnnì 5.4 yìí lára Ford tí wọ́n ń kó wọlé. Ojú ìdè plọ́ọ̀gì nínú tọ́ọ̀pù sìlíńdà rẹ̀ kò jìn, bíi ìlà ìdè mẹ́rin péré ló ń dì í mú lára èyí tó pọ̀ nínú wọn. Bó bá tú díẹ̀, á fò jáde, á gbé kọ́ìlì dání. Ìró rẹ̀ bí ìbọn ni. Ẹ fi sípánà tó ń ka agbára (torque wrench) dè é, nígbà tí ẹńjìnnì bá tutù pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "mo ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́" dè é fún yín.

Ọmọ Ìwó Road

Ládípò, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo wò ó lánàá. Plọ́ọ̀gì mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni mo fi ìka yí. Ìka o! Ẹni tó ta ọkọ̀ yìí fún mi ní mẹ́káníìkì òun "mọ iṣẹ́ gan-an".

Gíà Kẹta, ẹ pẹ̀lẹ́. Pulley ti kúrò lọ́kàn mi fún ọdún yìí.

Gíà Kẹta

Wàá padà sí i. Gbogbo wa la máa ń padà sí i.

Ọmọ Ìwó Road (ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà)

Mo ti dé o.

Mo ra traction bar, mo ra drag radial méjì sórí rímù tókúnbọ̀. Èmi fúnra mi ni mo de traction bar náà níwájú gáréèjì, lórí ilẹ̀, láàárín ìgbà tí mo bọ́ láti ibi iṣẹ́ òru àti ìgbà tó yẹ kí n sùn. Bóòtù kan gba wákàtí méjì lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi ọkùnrin ń tanná sí mi lójú dípò kó tàn án sábẹ́ ọkọ̀.

A lọ sí Ennis ní ọjọ́ tí òtútù mú. Ìyàwó mi bá mi lọ, ó ní òun fẹ́ rí ẹrù ìnáwó tí mo ń kó. Mo fi ẹ̀yìn wọ omi, mo yí i díẹ̀, mo sún síwájú. Nígbà tí yẹ́lò kẹta tàn, mo jẹ́ kó rìn, mo wá tẹ̀ ẹ́. Bàtá ò lù. Ọkọ̀ kàn jókòó sórí ìdí rẹ̀, imú gbé sókè díẹ̀, ọrùn mi lọ sẹ́yìn. Mo ti ń gbọ́ pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, mi ò gbà gbọ́.

1.94 ní ẹsẹ̀ bàtà 60. 13.38 lójú òpin, máìlì 102. Mo gbé yìnyín lé e, a jẹ mọ́ínmọ́ín tí ìyàwó mi gbé dání, mo padà lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 50. 13.41. Ẹ̀ẹ̀kẹta, 13.39. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò! Ẹni tó ń sá 13.84 tẹ́lẹ̀, agbára ẹńjìnnì rẹ̀ kò fi ẹyọ kan lé sí i.

Ìyàwó mi wo ìwé méjèèjì, ti àkọ́kọ́ àti ti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Ṣé nítorí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lo ṣe ná $1,140?" Mo ní kò tó ìdajì, 0.46 ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Wilmer, àmọ́ òun ló ya fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti gbọ́ tó ń fi ọ̀kan han àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

Àdùkẹ́, táyà ọ̀tún ṣì ń yí díẹ̀ kó tó di ilẹ̀ mú, mo rí dúdú rẹ̀ lórí kọnkéré nínú fídíò. 18 ni mo fi sí méjèèjì. Ṣé kí n sọ ọ́ di 16?

Àdùkẹ́ 1320

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n! Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Ẹ fi 17 dán an wò ná, méjèèjì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yẹn kẹ́ ẹ tó padà lọ tò.