Kí ni ojú yín rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn oníhò kékeré?

Ọmọ Ìbarà: Mo kí gbogbo yín. Lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gba ihò kékeré ṣe iṣẹ́ abẹ sí mi lẹ́yìn, nítorí dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn, tó yọ, tó sì ń tẹ iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ òsì. Kí ni ẹ rí tí ẹ kò retí?

Aládìrẹ Ìtòkù: Ihò tèmi kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ọjọ́ kejì ni mo sì padà sílé. Ní ọjọ́ kẹta, bí mo bá ti dìde jókòó, orí á máa fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi ọmọ odó gún un. Bí mo bá dùbúlẹ̀ gbalaja, á rọlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ibà ni, ó sì se àgbo. Ọmọ mi ló rí i pé báńdéèjì tutù rinrin, pé ohun tó ń jáde mọ́ gaara bí omi òjò. Awọ tó bo àwọn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ya nígbà iṣẹ́ abẹ, tí omi rẹ̀ fi ń jò. Wọ́n padà rán an.

Bàbá Láfẹ́nwá: Ṣé ẹ mu àgbo náà?

Aládìrẹ Ìtòkù: Ife méjì, Bàbá.

Awakọ̀ Pánṣẹ́kẹ́: Ẹ jọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú tipiri, tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn, náà máa ń fa irú ẹ̀fọ́rí bẹ́ẹ̀.

Aládìrẹ Ìtòkù: Abẹ́rẹ́ yẹn kọ́, wọ́n kùn mí lóorun pátápátá ni.

Màmá Nọ́ọ̀sì: Ọ̀kan náà ni, omi ló ń gba ibi tí kò yẹ jáde. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni kí ìtọ̀ kọ̀ láti wá, kí ìdí àti àárín itan sì kú. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i kò gbọdọ̀ dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Awakọ̀ Pánṣẹ́kẹ́: Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lè pe ìtọ̀ wá, kò wá. Ó jókòó sórí àga irin, ó ní ìdí òun kò mọ̀ pé ó tutù. Ẹ̀jẹ̀ ló dì, tó ń tẹ àwọn iṣan. Òru yẹn náà ni wọ́n tún ibẹ̀ ṣí. Ìtọ̀ padà, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ṣì kú di òní.

Bàbá Láfẹ́nwá: Dókítà kò sọ fún un tẹ́lẹ̀ ni?

Awakọ̀ Pánṣẹ́kẹ́: Ó wà nínú ìwé tí ó fọwọ́ sí. A ti gbọ́ "ihò kékeré", a kò ka ìyókù.

Ọmọ Ìbarà: Màmá, ojoojúmọ́ ni mo ń lo ásípírìn nítorí ọkàn mi.

Màmá Nọ́ọ̀sì: Ẹ sọ fún wọn lónìí, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Ọmọ Ìbarà: Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní kí n kó gbogbo ohun tí mo ń lò wá lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá Láfẹ́nwá: Ẹ gbé ìgò àgbo dání.